Jáírò Nínú Géèmù Oníbọn: Dandan Tàbí Yíyàn?

Láàárín àwọn géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá lórí fóònù àti lórí tẹlifíṣọ̀n ní Àjùwọ̀n, Akútè, Ìfọ̀, Mowé àti Ìbàfò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òkìkí géèmù oníbọn kò jìnnà sí ti géèmù bọ́ọ̀lù. Géèmù oníbọn ni èyí tí ẹni tó ń gbá a máa ń wo ayé inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìbọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti rìn, láti sá pamọ́, láti dojú ìbọn kọ alátakò, kí ó sì yìn ín kí alátakò náà tó yin tirẹ̀. Bí ọwọ́ ti ń yára gbé ojú ìbọn lé ibi tí ọkàn fẹ́ ló ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọ̀nà méjì ni ọwọ́ sì lè gbà ṣe é. Ọ̀nà kìíní ni pé kí àtàǹpàkò ti ọ̀pá kékeré tó wà lórí páàdì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti darí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí ó máa fa ojú fóònù. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n yí fóònù tàbí páàdì náà fúnra rẹ̀, kí ìbọn inú géèmù sì máa yí bí ọwọ́ ti ń yí. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí àwọn tó ń ṣe géèmù àti àwọn tó ń gbá a ti ń jiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí ọ̀nà kejì yìí jẹ́ dandan. Èrò tí àsọyé yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò tọ́, pé ẹni tó ń gbá géèmù ló yẹ kó yàn, àti pé yíyàn náà kò ní ìtumọ̀ bí wọn kò bá ṣe ọ̀nà méjèèjì dáadáa, tàbí bí fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni náà kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú wọn rárá.

Ẹ̀yà ara fóònù tó ń mọ̀ pé wọ́n yí i ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jáírò. Orúkọ náà ti pẹ́, nítorí pé ní ọdún 1852 ni Léon Foucault, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, fi í pe irinṣẹ́ kan tó ní àgbá tó ń yí kíákíá nínú, èyí tó fi ṣe àfihàn pé ayé ń yí. Jáírò inú fóònù kò ní àgbá kankan. Ègé sílíkọ́ọ̀nù tíntìntín tó ń gbọ̀n láìdákẹ́ ló wà nínú rẹ̀, bí fóònù bá sì ti yí, gbígbọ̀n náà á yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀rọ á wọn yíyà náà, á sì ti ibẹ̀ mọ iye dígírì tí fóònù ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. iPhone 4, tó jáde ní ọdún 2010, ló mú un wọ inú fóònù tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀yà mìíràn wà tó fara jọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní accelerometer, òun ló ń mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà àti ìgbà tí nǹkan bá ti fóònù síwájú tàbí sẹ́yìn, òun ló sì ń jẹ́ kí àwòrán yí padà nígbà tí wọ́n bá fi fóònù dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó gbá Temple Run láti ọdún 2011 ti lò ó dáadáa, nígbà tí wọ́n ń da fóònù sí ọ̀tún àti sí òsì kí ẹni tó ń sáré lè rí owó wúrà ṣà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo fóònù òde òní ló ní accelerometer, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò ní jáírò, ọ̀rọ̀ sì ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Àǹfààní jáírò nínú géèmù oníbọn pọ̀, kò sì yẹ kí ẹni tó bá ń gbèjà yíyàn fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí àtàǹpàkò bá ti ọ̀pá orí páàdì, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ ni bí ó ti fẹ́ kí ìbọn yára yí tó, kò sì sọ ibi tí ó fẹ́ kí ìbọn dúró sí. Nítorí náà ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò tu ọ̀pá náà sílẹ̀ gan-an, bí ó bá sì fi díẹ̀ pẹ́, ìbọn á ti kọjá ibi tí ó ń wò. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ géèmù fi máa ń ran àtàǹpàkò lọ́wọ́, tí ìbọn á fi máa rọra lẹ̀ mọ́ alátakò bí ó bá ti súnmọ́ ọn. Ọrùn ọwọ́ kò nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí pé bí ó bá yí díẹ̀, ìbọn á yí díẹ̀, bí ó bá sì dúró, ìbọn á dúró. Lórí fóònù ni èrè yìí ti pọ̀ jù, torí pé àtàǹpàkò tó ń fa ojú fóònù ló tún ń bo apá kan àwòrán, òun kan náà ni wọ́n sì tún ń retí pé kó tẹ ibi ìyìnbọn. Nínú PUBG Mobile, tó jáde ní ọdún 2018, ẹnu ìbọn máa ń ta sókè bí ó bá ń yìn léraléra; ẹni tó ń lo jáírò kàn ń rọra da orí fóònù síwájú láti fà á wálẹ̀ ni, nígbà tí ẹni tó ń lo àtàǹpàkò nìkan gbọ́dọ̀ máa wọ́ ìka wá sísàlẹ̀ títí tí ojú fóònù á fi tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Bákan náà ni nínú Splatoon, géèmù Nintendo tó jáde ní ọdún 2015, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti ń yin ọ̀dà dípò ọta, jáírò ti wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá géèmù náà ló sì ń lò ó, síbẹ̀ ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè pa á.

Ohun tó dára tó báyìí, ìyẹn kí yíyí ọwọ́ tàbí ara máa darí eré, ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti sọ di ohun ìkórìíra nípa fífi ipá mú ènìyàn lò ó. Nígbà tí Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Wii, jáde ní November 2006, pẹ̀lú páàdì tí wọ́n ń jù fìrìfìrì bí ẹni ju idà tàbí ẹni gbá tẹ́níìsì, ayé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì tà ju mílíọ̀nù 100 lọ kí ó tó kógbá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kan péré lẹ́yìn tó jáde ni Nintendo ti ní láti pààrọ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 okùn ọrùn ọwọ́ rẹ̀, torí pé àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ ń já. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù rí owó náà, wọ́n sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 2007 ni Lair jáde lórí PlayStation 3, géèmù kan nínú èyí tí ènìyàn ń gun ẹranko abìyẹ́ tó ń tu iná, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti darí ẹranko náà ju kí wọ́n máa yí páàdì lọ. Ìbínú àwọn tó rà á pọ̀ débi pé ní ọdún 2008 wọ́n ṣe àtúnṣe tó jẹ́ kí ènìyàn lè fi ọ̀pá páàdì darí rẹ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn ni Steel Battalion: Heavy Armor ti ọdún 2012, géèmù ọkọ̀ ogun tí kò ṣeé gbá láìsí Kinect. Kinect jẹ́ kámẹ́rà tí Microsoft ṣe, tó ń wo ara ènìyàn láti iwájú tẹlifíṣọ̀n, kí ó lè mọ ohun tí apá àti ẹsẹ̀ ń ṣe. Bí ọmọ ogun inú géèmù náà bá fẹ́ wo ìta, ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni fa awò mọ́ra, bí kámẹ́rà bá sì ṣi ọwọ́ náà mú, yóò fa ohun mìíràn, ọkọ̀ á dúró, ọ̀tá á sì pa gbogbo wọn sínú rẹ̀.

Microsoft kò tíì kọ́gbọ́n nígbà náà. Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Xbox One, jáde ní November 2013, Kinect wà nínú páálí ní dandan, iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 499, nígbà tí PlayStation 4 jẹ́ dọ́là 399. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi yọ Kinect kúrò, tí wọ́n sì dín iye rẹ̀ kù sí dọ́là 399, nígbà tó sì di ọdún 2017 wọ́n dáwọ́ ṣíṣe Kinect dúró pátápátá. Ìgbà tí gbogbo èyí ń lọ ni GoldenEye 007, tó jáde lórí Wii ní ọdún 2010, fi ọ̀nà tó tọ́ hàn, nítorí pé ó gba ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì gba ẹni tó fẹ́ páàdì tó ní ọ̀pá méjì, láìfi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Jáírò fúnra rẹ̀ kò kú nínú ìjà yìí. Géèmù oníbọn Fortnite náà ti fi í kún ètò rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́, kò sì sí ẹni tó bínú, torí pé kò sí ẹni tí wọ́n fi ipá mú.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé Àjùwọ̀n, ó ní ojú mìíràn tí àwọn tó jókòó ṣe géèmù ní Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà tàbí ní Califọ́níà lè má rò rárá. Àjùwọ̀n wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ní ẹnu ààlà Ògùn àti Èkó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló sì ń jí lọ sí Èkó fún iṣẹ́ tàbí fún ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń gba Akútè àti Alágbọlé bọ́ sí Ojodu Berger, tàbí kí wọ́n gba Ìjù-Ìṣàgá; àwọn ará Mowé àti Ìbàfò náà ń gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti lè dá ọkọ̀ dúró fún wákàtí gbọọrọ. Inú ọkọ̀ wọ̀nyí ni ọ̀dọ́ ti ń rí àyè gbá géèmù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé jáírò kì í fi ara ẹni tó di fóònù mú wọn yíyí rẹ̀. Gbogbo yíyí tí fóònù bá yí ló ń wọ̀n, kò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tó yí fóònù àti dánfó tó yí fóònù, ọwọ́ àti ẹni tó ni ọwọ́ pọ̀. Bí awakọ̀ bá yà ní oríta, nǹkan bí dígírì 90 ni ọkọ̀ yí, ìbọn inú géèmù á sì bá a yí lọ, ó sì lè yí ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bí ẹni náà bá ti ṣètò pé kí jáírò rẹ̀ máa tètè gbọ́ràn. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, ojú ìbọn á fò sókè. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, accelerometer á gbà pé wọ́n da fóònù síwájú tàbí sẹ́yìn. Èyí kò tíì kan ti pé èrò mẹ́rin lè wà lórí ìjókòó kan, tí ìgbọ̀nwọ́ kò sì ráyè tí yóò fi yí fóònù láìgbá ẹnì kejì ní ìhà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Agbádò àti Ọyìngbò ní October 2024, tó sì ní ibùdó ní Ìjù, sàn díẹ̀ fún irú eré yìí, torí pé irin kì í yà lójijì bí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń yà. Síbẹ̀, géèmù oníbọn tó bá sọ jáírò di dandan ti gba àkókò eré lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń wọ dánfó.

Ohun tó gba PUBG Mobile sílẹ̀ nínú èyí ni pé ó fún jáírò ní ipò mẹ́ta nínú ètò rẹ̀: kí ó wà ní pípa, kí ó ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí ẹni náà bá la awò orí ìbọn. Ipò kẹta yìí yẹ fún ìyìn, nítorí pé àtàǹpàkò ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá bíi kí ènìyàn wẹ̀yìn, tí ọrùn ọwọ́ sì ń ṣe iṣẹ́ kékeré tó gba ìfarabalẹ̀, àti pé nínú ọkọ̀, ìwọ̀nba ìgbà tí awò bá ṣí nìkan ni oríta lè da ìbọn rú.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni ibi tí yíyàn ti ń di èyí tí kò kárí. Ilé iṣẹ́ Transsion, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 tí olú ilé rẹ̀ wà ní Shenzhen, ló ni itel, Tecno àti Infinix, àwọn fóònù tó wà lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn ní Nàìjíríà nítorí pé owó wọn mọ níwọ̀n. Àwọn tó wọ́n nínú wọn ní jáírò; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rọjú kò ní in, àwọn mìíràn sì ní èyí tí fóònù kàn ń fi ìṣirò dá, tó ń ti ara accelerometer àti kọ́ńpáàsì gbé nǹkan jọ, tí ìbọn á sì máa fi ìgbọ̀nrìrì tẹ̀lé ọwọ́ lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá. Nítorí pé jáírò kì í ṣe dandan nínú PUBG Mobile àti nínú Call of Duty: Mobile, tó jáde ní October 2019, ọmọ tó ní fóònù kékeré lè wọlé kí ó sì gbádùn ara rẹ̀, èyí sì ni ẹ̀rí tó lágbára jùlọ fún yíyàn ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá lọ sí ìdíje, tí ó pàdé ẹni tí fóònù rẹ̀ ní ojúlówó jáírò, ẹnì kan ti yàn, ẹnì kejì kò rí nǹkan yàn, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn lè jẹ́ owó bàbá wọn. Ìdáhùn sí èyí kò sí nínú kí wọ́n fa jáírò yọ kúrò nínú géèmù, torí pé ìyẹn á fi ìyà jẹ ẹni tó ti fi oṣù pípẹ́ kọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ta fóònù ló yẹ kó máa sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Iye RAM, kámẹ́rà àti bátìrì ni páálí fóònù ń pariwo, bí ẹni tó ń rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Akútè kò bá sì mọ̀ láti béèrè, kò ní mọ̀ títí yóò fi délé. Ọ̀nà kan wà láti dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́: kí wọ́n ṣí fídíò onídígírì 360 lórí YouTube, kí wọ́n sì yí ara padà pẹ̀lú fóònù náà lọ́wọ́, bí àwòrán kò bá bá wọn yí, tó jẹ́ ìka nìkan ló lè fà á, ó ṣeé ṣe jù pé fóònù náà kò ní jáírò.

Ara ènìyàn náà kò dọ́gba. Àwọn àgbà ti sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ó rí pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbá géèmù. Ẹni tí làkúrègbé mú ní ọrùn ọwọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú apá kan rẹ̀, àti ẹni tí òòyì ń kọ́ bí àwòrán bá ti ń yí tẹ̀lé ọwọ́, gbogbo wọn ni géèmù onídandan ti tì síta. Ohun tí àwọn tó kórìíra jáírò kì í fẹ́ gbọ́ ni pé àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn jẹ́ òdìkejì: àtàǹpàkò wọn kò lágbára, tàbí kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ wọn ṣì ń yí dáadáa, jáírò sì ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí fún wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá yọ ọ́ kúrò ti ti ilẹ̀kùn náà, gẹ́gẹ́ bí èyí tó sọ ọ́ di dandan ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí a kọ́kọ́ dárúkọ. Láti ọdún 2004 ni ẹgbẹ́ AbleGamers ní Amẹ́ríkà ti ń jà fún àwọn aláàbọ̀ ara nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2018 ni Microsoft gbé páàdì kan jáde tí wọ́n lè so oríṣiríṣi bọ́tìnnì mọ́, kí ẹsẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tàbí àgbọ̀n lè ṣe iṣẹ́ ìka. Ní ọdún 2020 ni géèmù The Last of Us Part II sì jáde pẹ̀lú ètò ìrànlọ́wọ́ tó lé ní 60 fún ojú, etí àti ọwọ́. Nàìjíríà náà ní òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní January 2019, tó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe kí ẹnu ọ̀nà wọn lè gba gbogbo ara. Kò sí ìdí tí eré àwọn ọ̀dọ́ yóò fi wà lẹ́yìn ìlànà tí ilẹ̀kùn báǹkì ń tẹ̀lé.

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ọnà ni géèmù, pé ẹni tó ṣe é ló mọ bí ó ti fẹ́ kí wọ́n gbá a, àti pé bí ó bá gbọ́dọ̀ ṣe é fún ọ̀nà méjì, kò ní ṣe èyíkéyìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo. Ìbọn aláfọwọ́mú tí Nintendo ṣe fún géèmù Duck Hunt ní ọdún 1984 kò ní ìtumọ̀ bí wọn kò bá tọ́ ọ sí tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn géèmù tí wọ́n ń fi awò ńlá bo ojú gbá lónìí, níbi tí orí àti ọwọ́ ti jẹ́ eré náà gan-an. Ẹni tó bá ra irú wọn ti mọ ohun tó rà, kò sì sí ẹni tó tàn án jẹ. Ṣùgbọ́n géèmù oníbọn tó wà lórí fóònù tàbí lórí páàdì kò wọ inú ẹgbẹ́ yẹn, torí pé irinṣẹ́ kan náà ló ní ọ̀pá, bọ́tìnnì àti jáírò pọ̀. Nintendo pàápàá, tó fi dandan lé jíju ọwọ́ bí idà nínú géèmù Skyward Sword ní ọdún 2011, fi ọ̀pá páàdì kún un nígbà tó tún un gbé jáde ní ọdún 2021, eré náà kò sì bàjẹ́.

Àwọn tó ń ṣe géèmù ní Nàìjíríà, irú bíi Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ní àǹfààní kan tí àwọn ará òkèèrè kò ní, èyíinì ni pé àwọn àti àwọn tó ń gbá géèmù wọn jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe géèmù oníbọn lọ́la, yóò dára kí jáírò wà ní pípa nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i, kí géèmù fi í han ẹni náà ní pápá ìdánrawò, kí ó jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá ó fẹ́ ẹ. Kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn lè ṣètò bí jáírò ti ń tètè gbọ́ràn tó lọ́tọ̀, kí ti àtàǹpàkò sì wà lọ́tọ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan yẹ kó wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, jáírò á dákẹ́ títí wọn yóò fi tu ú sílẹ̀, irú èyí tó ti wà tipẹ́ nínú ètò páàdì lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó wà nínú dánfó lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà ní oríta. Kí wọ́n sì gbé géèmù náà wọ ọkọ̀ láti Ìbàfò lọ sí Berger kí wọ́n tó tà á. Ní ti àwọn tó ń ṣètò ìdíje, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ìkéde wọn ṣáájú ọjọ́ ìdíje bóyá wọ́n gba jáírò láàyè, kí wọ́n sì wá fóònù tó ní in sí orí tábìlì fún ẹni tí tirẹ̀ kò ní, tàbí kí wọ́n ya ìdíje àwọn onífóònù kékeré sọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀.